Ẹyín Iná Lábẹ́ Eérú: Àkọsílẹ̀ Ìràwọ̀ BN Nínú Àwọsánmà Òríónì

Bí alẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá mọ́ tí ọyẹ́ kò pọ̀, ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò bí ìgbànú Òríónì máa ń wà lókè orí ẹni tó bá dúró ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìgbànú náà: ibì kan wà níbẹ̀ tó dà bí èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èéfín yẹn ni nẹ́búlà Òríónì, gáàsì gbígbóná tí ìràwọ̀ mẹ́rin tí à ń pè ní Trapezium ń tànmọ́lẹ̀ sí. Ojú lè rí ìyẹn. Èyí tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí kò ṣeé fojú rí, bó ti wù kí awò awọ̀nàjíjìn tí ènìyàn gbé sójú tóbi tó. Ẹ̀yìn èéfín náà ló wà, nínú àwọsánmà dúdú tó ki, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OMC-1, ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,350.

BN ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Becklin àti Neugebauer, àwọn méjì tó kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1967. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pè é ní ọlẹ̀ ìràwọ̀, ìyẹn ìràwọ̀ tó ṣì wà nínú oyún. Àwọn kan ti sọ pé ìràwọ̀ tó ti dàgbà ni, tí eruku kàn bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ló wá hàn pé ìràwọ̀ tí wọ́n lé jáde nílé ni. Ìtànṣán infrared, ìmọ́lẹ̀ ooru tí ojú kò rí, ló tú u síta, ṣùgbọ́n àwọ̀ infrared nìkan kò tó láti sọ irú ohun tó jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìràwọ̀ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọsánmà tó ki yóò bá ìdẹkùn kan náà pàdé, ìdí nìyí tí a fi to ọ̀rọ̀ náà síbí pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n.

Bí eruku ṣe ń dínà

Nínú àwọsánmà mólékù, háídírójìn ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n eruku ló ń dí ojú. Ẹyọ eruku náà kéré gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó máíkírọ́ọ̀nù 1, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ní ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 0.55. Ìyẹn súnmọ́ títóbi eruku, nítorí náà eruku ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, ó sì ń fọ́n èyí tó kù ká. Ìgbì tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ ń rí àyè kọjá láàárín wọn. Magnitude ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wọn ìdínkù náà: bí magnitude 5 bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ti dín ní ìlọ́po 100. Ká ní eruku kan gba magnitude 20 lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ìdá kan nínú mílíọ̀nù 100 ló ṣẹ́kù. Ní máíkírọ́ọ̀nù 2.2, eruku yẹn kan náà kò gbà ju nǹkan bí magnitude 2.2 lọ, torí pé ìdínkù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ti ìmọ́lẹ̀ ojú. Èyí tó ṣẹ́kù ju ìdá kan nínú 8 lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mílíọ̀nù 100 àti 8 ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ẹ rántí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí télọ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bí eérú bá ti bo ẹyín iná inú rẹ̀, ojú kò rí pupa kankan mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá na àtẹ́lẹwọ́ sí i láìfọwọ́ kàn án, ara á mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà yẹn ni infrared. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀: ooru eérú ni ọwọ́ mọ̀. Bí ẹyín iná fúnra rẹ̀ ṣe gbóná tó, ọwọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe rí i

Eric Becklin jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Caltech nígbà náà, Gerry Neugebauer sì ni olùkọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ awò tó wà lórí òkè Mount Wilson ní California ni Neugebauer àti Robert Leighton ti ń ka gbogbo ìràwọ̀ tó ń tàn ní máíkírọ́ọ̀nù 2.2. Dígí awò tí wọ́n lò fún kíka yẹn fẹ̀ tó ínǹṣì 62. Epoxy olómi ni wọ́n dà sórí àwo, tí wọ́n ń yí i yípo títí tó fi gan ní ìrísí abọ́. Ìwé orúkọ ìràwọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ní 1969 ní ohun tó lé ní 5,600 nínú. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Becklin ti ń wo nẹ́búlà Òríónì.

Kò sí fọ́tò infrared nígbà yẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀, àpòpọ̀ òjé àti imí-ọjọ́, tí náítírójìn olómi ń mú tutù dé Kelvin 77, ìyẹn dígírì 196 sísàlẹ̀ òdo Celsius. Bí kò bá tutù, ooru ara rẹ̀ á máa da ariwo bo ohun tó ń wá. Wọ́n á jẹ́ kí awò rìn díẹ̀díẹ̀ kọjá níwájú ojú ọ̀run, gègé á máa fa ìlà sórí bébà. Ibi tí ìlà bá ti ta sókè, nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n á sún awò sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún rìn ín kọjá, ìlà lórí ìlà, bí ẹni ń hun aṣọ òfì, títí àwòrán á fi jáde. Ní nǹkan bí ìdá kan nínú 60 dígírì sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn Trapezium, ohun kan tàn gidigidi ní máíkírọ́ọ̀nù 2.2 níbi tí fọ́tò ìmọ́lẹ̀ ojú kò ní ìràwọ̀ kankan.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara awò fúnra rẹ̀ jáde. Òfin Wien sọ pé kí a fi ìwọ̀n ooru ní Kelvin pín 2,898, ohun tó bá jáde ni ìgbì, ní máíkírọ́ọ̀nù, tí nǹkan náà ti ń tàn jù. Yàrá lásán jẹ́ nǹkan bí Kelvin 290, ìyẹn fún wa ní máíkírọ́ọ̀nù 10. Nítorí náà, ní máíkírọ́ọ̀nù 10, dígí ń tàn, òrùlé ilé awò ń tàn, afẹ́fẹ́ òkè ń tàn, ara onímọ̀ tó dúró síbẹ̀ náà ń tàn. Bí ẹni fi ògùṣọ̀ tó ń jó wá fìtílà ló rí.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi borí rẹ̀ kò tíì yí padà. Agbàmọ́lẹ̀ á wo ibi tí wọ́n ń wá, á yí kíá wo ojú ọ̀run òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n á sì yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí ọ̀nà méjèèjì kò kọjá lórí ibì kan náà lára dígí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan, wọ́n á gbé odidi awò sún kí ọ̀tún di òsì, kí òsì di ọ̀tún, kí àṣìṣe tó kù lè pa ara rẹ̀ rẹ́. Níbi tí ọ̀run bá ti mọ́, ó rọrùn. Nínú Òríónì, òfìfo ṣọ̀wọ́n. Bí ibi ìfiwéra bá bọ́ sórí gáàsì tó ń tàn, a óò yọ ju bó ṣe yẹ lọ; ohun tí à ń wò á dà bíi pé ó ṣú ju bó ṣe rí lọ, tàbí kí iye rẹ̀ tilẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá rí iye tó wà ní ìsàlẹ̀ òdo nínú àwọsánmà báyìí kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó yí ìdojúkọ ìfiwéra padà, kó tún wọ̀n ọ́n, bí iye bá yàtọ̀, ibi ìfiwéra ló bàjẹ́.

Afẹ́fẹ́ náà ní ìdènà tirẹ̀. Omi inú rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ìgbì infrared, àfi fèrèsé díẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ní agbègbè máíkírọ́ọ̀nù 1.25, 1.65, 2.2, 3.5, 5, 10 àti 20. Ìdí nìyí tí irú awò báyìí fi ń gun òkè gíga tó gbẹ.

Kelvin 700, àti àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e

Becklin àti Neugebauer wọn BN ní máíkírọ́ọ̀nù 1.65, 2.2, 3.4 àti 10. Bí wọ́n ṣe fi iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, ó bá ti ohun tó gbóná tó nǹkan bí Kelvin 700 mu, èyí tó ń tàn jù ní nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 4.1. Ojú oòrùn tiwa súnmọ́ Kelvin 5,800. Ìràwọ̀ wo ló ń tutù tó 700? Ìtumọ̀ tó fa ojú wọn mọ́ra ni pé ìràwọ̀ tó ń rọ lọ́wọ́ ni, gáàsì tó ń kó ara rẹ̀ jọ tí kò tíì di ìràwọ̀ tán.

Ìtumọ̀ kejì kò pẹ́ kó tó yọjú, àwọn tó sọ ọ́ kò sì sọ ìsọkúsọ. Gbé ìràwọ̀ ńlá tó mọ́lẹ̀ gan-an sí ẹ̀yìn eruku púpọ̀. Eruku á gba ìmọ́lẹ̀ búlúù ju pupa lọ, á gba pupa ju infrared lọ, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń pọ́n. Ohun tó bá yọ jáde á dà bíi pé ó tutù, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ gbígbóná ló wà níbẹ̀. Iye mẹ́rin péré kò lè ya àwọn ìtumọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀. Kelvin 700 jẹ́ ooru tí àwọ̀ ń ròyìn, ó sì lè jẹ́ ooru eérú, bíi ti áyọ́ọ̀nù ọ̀hún.

Ní ọdún 1967 náà, Douglas Kleinmann àti Frank Low wo ibẹ̀ ní máíkírọ́ọ̀nù 22. Germanium tí hílíọ́ọ̀mù olómi mú tutù ni Low fi ṣe agbàmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n bá ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ BN, tó fẹ̀ tó nǹkan bí arcsecond 30, tí ooru rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí Kelvin 70 péré. Arcsecond kan ni ohun tí a bá rí bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600. Òṣùpá àrànmọ́jú fẹ̀ tó bíi 1,800. Ibi tí wọ́n rí yẹn ni KL, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì. Agbára tó ń ti agbègbè BN àti KL jáde tó nǹkan bí ti oòrùn 100,000. Ní 1973, George Rieke, Low àti Kleinmann fi hàn pé KL kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún wọn lórúkọ IRc pẹ̀lú nọ́ńbà. Èwo nínú wọn ni ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀, èwo ló kàn jẹ́ eruku tí iná ẹlòmíì ń yá? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí ìyẹn, wọ́n sì gbé adé fún IRc2 fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó hàn pé iná tó ń jó níbẹ̀ ti ibòmíràn wá.

Ìlà tó tú àṣírí

Ní 1976, wọ́n rí ìlà háídírójìn kan lára BN, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ ní ìgbì kan pàtó. Brackett alpha ni orúkọ rẹ̀, ní máíkírọ́ọ̀nù 4.05. Ìlà yìí ń wáyé nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti já kúrò lára háídírójìn bá padà sílé tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n kó tó lè padà, ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já a. Ìmọ́lẹ̀ tó lè já a ni èyí tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju máíkírọ́ọ̀nù 0.0912 lọ. Ohun tó wà ní Kelvin 700 kò lè tu irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láéláé. Nítorí náà ẹyín iná wà lábẹ́ eérú: ìràwọ̀ gbígbóná irú B, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí oòrùn 10, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn nínú eruku náà. Ìyẹn pa ìtumọ̀ pé gáàsì tútù lásán ni. Ó sì fi hàn pé àwọn méjèèjì tó ń jiyàn ní ẹ̀tọ́ díẹ̀díẹ̀: ọ̀dọ́ ni BN lóòótọ́, iná inú rẹ̀ sì gbóná lóòótọ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya ìlà sọ́tọ̀ fínnífínní wo BN ní Kitt Peak, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1983, iye kan jáde tí kò bá ara mu. BN ń lọ ní kìlómítà 21 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọsánmà tó yí i ká ń lọ ní 9. Ọmọ tó bá wà nínú oyún ń bá ìyá rẹ̀ rìn ni. Kìlómítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pọ̀ jù fún ìràwọ̀ tó ń rọ ní ibi tó wà. Kì í ṣe pé iye náà fara sin. Ó wà nínú ìwé, ohun tí ó túmọ̀ sí ni kò tíì hàn.

Ní 1976 yẹn kan náà, Gautier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìlà mólékù háídírójìn ní máíkírọ́ọ̀nù 2.12 ní agbègbè BN àti KL. Mólékù náà ti gbóná dé nǹkan bí Kelvin 2,000, ìyẹn ni pé nǹkan kan ń fi agbára gbá gáàsì. Ẹni tó ń fi asẹ́ ìmọ́lẹ̀ (filter) máíkírọ́ọ̀nù 2.2 tó fẹ̀ ka ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìlà yìí, torí inú asẹ́ náà ló bọ́ sí. Ìdì gáàsì tí wọ́n gbá lè dúró ṣinṣin nínú àwòrán bí ìràwọ̀ tuntun. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ya àwòrán kan pẹ̀lú asẹ́ tóóró tó gba 2.12 nìkan, ya èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí kò sí ìlà, mú wọn dọ́gba lórí ìràwọ̀ gidi kan, kí o yọ wọ́n. Ìràwọ̀ á pòórá. Èyí tó bá ṣẹ́kù, gáàsì ni.

Ìràwọ̀ tó ń sá

Rédíò ló la ọ̀rọ̀ náà. BN ń tàn ní rédíò nítorí gáàsì rẹ̀ tí wọ́n ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀. Nǹkan bí arcsecond 10 sí i, ohun mìíràn tún wà tí ń jẹ́ Source I, èyí tí eruku bò débi pé infrared pàápàá kò rí i ní tààrà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ta bá eruku ẹ̀gbẹ́ nìkan là ń rí. Ní 1995, Plambeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ń jìnnà síra. Ní 2005, Luis Rodríguez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán rédíò tó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún wéra, ó sì dájú pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń kẹ̀yìn síra.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fi 4.74 lọ́po ìrìn ojú ọ̀run ní arcsecond lọ́dún, kí o tún fi jíjìnnà ní parsec (parsec kan tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26) lọ́po rẹ̀, kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá ló máa jáde. Jíjìnnà Òríónì ni parsec 414, gẹ́gẹ́ bí Menten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wọ̀n ọ́n ní 2007. Ìrìn arcsecond 0.0133 lọ́dún fún wa ní nǹkan bí kìlómítà 26 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Yí i sẹ́yìn fún ọdún 500, BN á ti rìn arcsecond 6.6. Ibi tó bá dé yẹn ni Source I náà ti ń bọ̀. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti kúrò, ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ohun tí à ń rí báyìí. A ní “ohun tí à ń rí” nítorí ìmọ́lẹ̀ náà ti lo bíi 1,350 ọdún lójú ọ̀nà.

Ó yẹ kí àpò ìṣirò dọ́gba: bí BN bá ta sí ìhín, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ ta sí ọ̀hún, ìwọ̀n lọ́nà eré. BN nìkan ní oòrùn 10 lọ́nà 26, ìyẹn 260. Ní 2018, ALMA, àkójọ awò rédíò tó wà ní Chile, fi bí àwo gáàsì àti eruku tó yí Source I ká ṣe ń yí wọn ìwọ̀n rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí oòrùn 15. Bí eré rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bí 10, 150 ló jẹ́. Ẹnì kan ṣì kù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n rò pé ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ n ni ẹnì kẹta, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó péye fi hàn pé n kò sáré rárá. Ní 2017, Kevin Luhman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán infrared láti inú awò Hubble, ti ìgbà àtijọ́ àti ti tuntun, wéra, wọ́n sì rí ìràwọ̀ mìíràn, x, tó ń fi nǹkan bí kìlómítà 55 ní ìṣẹ́jú-àáyá sá kúrò níbì kan náà. Infrared tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní 1967 ló wá mú ẹlẹ́rìí kẹta wá lẹ́yìn 50 ọdún.

Ìtumọ̀ mìíràn ti wà. Ní 2004, Jonathan Tan ṣírò pé BN lè ti ara ìràwọ̀ tó tóbi jù ní Trapezium sá wá, ní bíi 4,000 ọdún sẹ́yìn, nítorí pé ojú ọ̀nà BN súnmọ́ ibẹ̀ náà. Lójú tiwa, ìwọ̀n ẹ̀rí ti yí kúrò ní ìhà yẹn, nítorí x àti nítorí ìka.

Ìka ni wọ́n ń pè é lóòótọ́. Ní 1993, David Allen àti Michael Burton fi infrared ya àwòrán kan tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìnà tóóró ń ta jáde káàkiri láti àyíká BN àti KL. Orí ìka kọ̀ọ̀kan ń tàn ní máíkírọ́ọ̀nù 1.64, ìlà irin. Ara ìka tó tẹ̀lé e ń tàn ní 2.12, ìlà mólékù háídírójìn. Orí ló kọ́kọ́ ń gbá gáàsì, níbẹ̀ ni ó gbóná jù, mólékù kò lè dúró níbẹ̀. Zapata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìlà CO (gáàsì carbon monoxide) ní 2009, John Bally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ALMA ka ju ìnà 100 lọ ní 2017. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn ló yára jù. Bí gáàsì bá ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìbúgbàù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì súnmọ́ 500 ọdún pẹ̀lú. Ohun tó bá gbogbo ẹ̀ mu jù ni pé àwọn ìràwọ̀ ńlá tó ń rọ nínú àwọsánmà kan súnmọ́ra jù, méjì nínú wọn dì mọ́ra tàbí kó jọ di ọ̀kan, agbára tó tú sílẹ̀ sì ju àwọn tó kù síta pẹ̀lú gáàsì àyíká wọn.

Àwọn nǹkan kan ṣì ń gún ni lójú. Ní 2005, awò Subaru fi ìmọ́lẹ̀ tó to ara rẹ̀ sí ìhà kan hàn pé àwo eruku wà yí BN ká. Àwo tó ṣì wà lára ìràwọ̀ tí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kí ìṣirò ṣàlàyé. Ìtàn Source I náà kò parí: ní 2019, Adam Ginsburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí iyọ̀ tí à ń jẹ nínú àwo rẹ̀, sodium chloride gangan, àti irú rẹ̀ tó ní potassium, bí gáàsì. Ìlà iyọ̀ yẹn wúlò, nítorí inú àwo nìkan ló ti ń jáde. Kò dàpọ̀ mọ́ àwọsánmà yíká. Lórí bàálù SOFIA, níbi tí Becklin fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olórí olùbádámọ̀ràn ìmọ̀, wọ́n fi awò tó fẹ̀ tó mítà 2.5 wo KL láti òkè tó ju kìlómítà 12 lọ, níbi tí omi afẹ́fẹ́ kò pọ̀ mọ́. Ní máíkírọ́ọ̀nù 31 àti 37, IRc4 ló tàn jù níbẹ̀, BN kọ́.

Bí a bá fi ìṣirò òní wò ó

Data tó pọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi ìpamọ́ IRSA ti Caltech, láti inú iṣẹ́ ìwádìí infrared mẹ́ta: 2MASS fún 1.25 sí 2.2, Spitzer fún 3.6 sí 24 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, WISE fún 3.4, 4.6, 12 àti 22. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà kan ní Ifẹ̀ tàbí Nsukka lè lo gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ìràwọ̀ tuntun sí ìpele ni iye tí wọ́n ń pè ní alpha, tó ń sọ bí ìlà ṣe dagun tó. Lọ́po ìmọ́lẹ̀ ìgbì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gígùn ìgbì rẹ̀, gbé wọn lé orí log, wo bí ìlà ṣe gùn sókè tàbí sọ̀kalẹ̀ láti 2.2 dé bíi 22. Bí ó bá di ìlọ́po 10 láàárín méjèèjì, alpha jẹ́ 1. Alpha tó ju 0.3 lọ ni Class I, èyí tí àpò eruku ṣì bò, láti 0.3 dé -0.3 jẹ́ ìpele àárín tó tẹ́jú, láti -0.3 dé -1.6 ni Class II, èyí tó ní àwo. Ìsàlẹ̀ ìyẹn ni Class III.

Fi BN sínú rẹ̀, Class I ló máa jáde, ọmọ jòjòló nínú àpò. Kò sí ibì kan nínú alpha tí ó ti lè sọ fún ọ pé kò sí nílé tó ti rọ. Ìràwọ̀ àgbà tó ń tu eruku síta àti gálásì tó wà lọ́nà jíjìn lè fún ọ ní iye kan náà. Àwòrán WISE ní 22 kò rí ohun tó kéré ju nǹkan bí arcsecond 12 lọ, bẹ́ẹ̀ BN àti Source I kò jìnnà síra tó ìyẹn. Gbogbo KL á di òkìtì kan ṣoṣo, á sì kún agbàmọ́lẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Nítorí náà, bí o bá rí alpha tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọsánmà, wá ìlà háídírójìn láti mọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná, fi eré rẹ̀ wé ti àwọsánmà tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú CO, kí o sì wá àwòrán àtijọ́ láti mọ bóyá ó ń rìn. Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, torí pé ó ń gba ọdún.

Lórí BN gan-an, ohun kan wà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Ipò rẹ̀ nínú ìwé ni wákàtí 5, ìṣẹ́jú 35, ìṣẹ́jú-àáyá 14.1, àti dígírì 5, ìṣẹ́jú 22, ìṣẹ́jú-àáyá 23 sísàlẹ̀ ìlà agbede-méjì ọ̀run. Láti 1967 dé 2025, BN ti rìn nǹkan bí arcsecond 0.8 sí ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Bí ojú tóóró ẹ̀rọ tó ń ya ìlà sọ́tọ̀ bá jẹ́ arcsecond 0.5, tí o sì fi ipò àtijọ́ dojú kọ ọ́, ìràwọ̀ náà á ti bọ́ síta. Fi ìrìn ọdún kọ̀ọ̀kan kún ipò rẹ̀ kí o tó ṣí awò, tàbí kí o dojú kọ ìràwọ̀ tí kò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o wá sún awò láti ibẹ̀.